Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Ọ̀gá Tí Ẹ Ń Ra Sátífíkéètì Scrum fún Òṣìṣẹ́

Sí ẹ̀yin olùdarí àgbà àti ẹ̀yin ọ̀gá ẹ̀ka òṣìṣẹ́, ní báńkì, ní ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò, ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù àti ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣe áàpù, ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ibi yòówù tí lẹ́tà yìí bá bá yín.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ẹ kú ìnáwó pẹ̀lú.

Ìnáwó yẹn gan-an ló gbé wa wá, èyí tí ẹ ń ná lórí ẹ̀kọ́ Agile àti Scrum. Agile ni èrò pé kí á máa ṣe iṣẹ́ ní ègé kéékèèké, kí á sì máa yí padà bó bá ṣe yẹ; Scrum jẹ́ ọ̀kan lára ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti di àṣà: ilé-iṣẹ́ á gba gbọ̀ngàn ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á kó ogójì òṣìṣẹ́ síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, olùkọ́ á pín ìwé pélébé aláwọ̀ mèremère, wọ́n á jẹ ìrẹsì, wọ́n á ya fọ́tò. Tó bá di ọjọ́ Ajé, ímeèlì olùdarí á jáde pé láti òní lọ, Agile ni gbogbo wa. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ṣì ń pẹ́ bó ṣe ń pẹ́ tẹ́lẹ̀, ìpàdé mẹ́rin ti kún èyí tí òṣìṣẹ́ ń ṣe, ẹ̀yin náà á wá ní Agile kò bá ilẹ̀ wa mu.

Ẹ̀sùn kan ṣoṣo la ní, bí a tilẹ̀ fẹ́ tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ra ẹ̀kọ́, ẹ kò fún ẹni tó kọ́ ọ láyè láti lò ó. Ẹni tí ẹ̀kọ́ náà sì kàn jù kò wọ kíláàsì. Ẹ̀yin ni ẹni náà, ẹ má bínú.

1. Sátífíkéètì. Ẹ wo bí ìdánwò náà ṣe rí. CSM (Certified ScrumMaster), sátífíkéètì ti àjọ Scrum Alliance: kíláàsì bí ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ìbéèrè 50 láàárín wákàtí kan, ẹni tó bá gba 37 ti yege. PSM I (Professional Scrum Master), ti àjọ Scrum.org: ìbéèrè 80 láàárín ìṣẹ́jú 60, èèyàn gbọ́dọ̀ gba 85 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sí kíláàsì kankan tí wọ́n fi dandan lé kó tó jókòó ṣe é. Scrum Guide, ìwé ìlànà tí Ken Schwaber àti Jeff Sutherland kọ, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí wọ́n tún ṣe ní oṣù kọkànlá ọdún 2020 kò ju ojú ìwé 13 lọ. Ẹni tó bá gbé ẹ̀wà kaná á kà á tán kí ẹ̀wà náà tó jinná.

A kò sọ pé ìdánwò náà kò wúlò. Ó ń jẹ́ kí gbogbo èèyàn máa pe nǹkan kan náà ní orúkọ kan náà. Ṣùgbọ́n ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó mọ orúkọ gbogbo sípánà inú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, a kì í tìtorí ìyẹn kó ẹ́ńjìnì oníbàárà lé e lọ́wọ́. Ẹ yọ sátífíkéètì kúrò nínú ohun tí ẹ fi ń dá èèyàn padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ gbé iṣẹ́ ràbàtà kan ka iwájú rẹ̀, ẹ ní kó gé e sí wẹ́wẹ́. Ogún ìṣẹ́jú ò ní pé tí ẹ ó fi mọ bóyá ó ti ṣe é rí.

2. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe nǹkan mẹ́ta ní ọ̀kan: Agile, Scrum àti Kanban. Ní oṣù kejì ọdún 2001, èèyàn 17 tó ń kọ sọ́fítíwia pàdé ní Snowbird, lórí òkè oníyìnyín ní ìpínlẹ̀ Utah, Amẹ́ríkà. Ìkéde tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Agile: ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi ń wọn ohun kan sí èkejì, àti ìlànà 12. Kò sí Sprint (àkókò iṣẹ́ kúkúrú tí kò ju oṣù kan lọ nínú Scrum) nínú ìkéde náà, kò sí ìpàdé orí ìdúró. Scrum ti wà ṣáájú rẹ̀. Ọdún 1995 ni Schwaber àti Sutherland ti gbé e kalẹ̀ ní gbangba. Kanban, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi pátákó àti ìwé pélébé tọpa iṣẹ́, tún dàgbà jù ú lọ, ilé-iṣẹ́ mọ́tò Toyota ní Jàpáàn ló ti wá, kọ̀ǹpútà ò sí níbẹ̀ rárá. Ẹni tó bá sì ní Agile ni kí a má ṣètò, kí a má kọ nǹkan sílẹ̀, kò ka ìkéde náà. Wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀ pé ètò àti ìwé àkọsílẹ̀ níyì. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ àti yíyí padà nígbà tó bá yẹ ni wọ́n gbé lékè wọn.

3. Àwọn kan nínú yín ń sọ pé ti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń ṣe áàpù ní Yaba ni èyí, pé ilé-iṣẹ́ ńlá tí òfin yí ká kò lè ṣe é. Ó dára. Ẹ jẹ́ ká mú FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà. Wọ́n fẹ́ kúrò lórí fáìlì bébà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún un, Virtual Case File, wọ́n pa á tì ní 2005 lẹ́yìn tó ti jẹ nǹkan bíi mílíọ̀nù 170 dọ́là. Ní 2006 wọ́n gbé òmíràn tó ń jẹ́ Sentinel fún agbaṣẹ́ṣe, ní ìpele mẹ́rin, owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un sì gòkè dé mílíọ̀nù 451. Ní 2010, nǹkan bíi mílíọ̀nù 405 ti lọ, ìpele méjì péré ló délẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n gba iṣẹ́ padà sọ́wọ́ ara wọn, wọ́n dín èèyàn orí rẹ̀ kù, wọ́n gé ohun tó ṣẹ́kù sí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, wọ́n sì ń fi èyí tó bá ti ń ṣiṣẹ́ hàn ní òpin ọ̀sẹ̀ méjì kọ̀ọ̀kan. Oṣù keje ọdún 2012 ló di ohun tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń lò.

Ó kọjá ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá o, ẹ má jẹ́ kí olùkọ́ kankan fi èyí pamọ́ fún yín. Àmọ́ kì í ṣe sátífíkéètì ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọ̀gá ló yéé ka ìròyìn tó ní iṣẹ́ ti dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, wọ́n wá ń jókòó wo ohun tó ń ṣiṣẹ́.

4. Ìpàdé ojoojúmọ́. Ibí la ti ń mọ ẹni tó kọ́ ọ yàtọ̀ sí ẹni tó ra á. Ẹ wò ó bó ṣe máa ń rí: mánéjà jókòó, lápútọ́ọ̀pù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, èèyàn mẹ́jọ dúró yí i ká. Ojú rẹ̀ ni kálukú ń wò. "Lánàá mo ṣe báyìí, lónìí màá ṣe báyìí, kò sí ìdíwọ́, sà." Ẹni kẹta tó sọ pé kò sí ìdíwọ́ yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ti há láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, torí pé ẹ̀ka mìíràn kò tíì fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà sáfà. Kò ní sọ ọ́ níwájú ọ̀gá. Ẹni tó sọ irú ẹ̀ lóṣù tó kọjá gba kúèrì.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Èèyàn mẹ́jọ, ìṣẹ́jú 45 lójúmọ́: wákàtí 6 ti lọ. Ọjọ́ márùn-ún: wákàtí 30. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ odindi èèyàn kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pé yẹn, orí ìdúró ni ẹ sì ti ná an. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 15 tí ìlànà sọ, wákàtí 10 ni.

Bó ṣe yẹ kó rí kò le. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ló ni ìpàdé, kì í ṣe mánéjà. Ìbéèrè mẹ́ta tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, ohun tí mo ṣe lánàá àti ìyókù rẹ̀, Scrum Guide ti 2020 ti yọ ọ́ kúrò. Pátákó tí wọ́n lẹ ìwé pélébé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ni kí wọ́n kọjú sí. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí iṣẹ́ tó kù díẹ̀ kó parí wà, kí wọ́n béèrè lórí ìwé pélébé kọ̀ọ̀kan pé: kí ló kù kí eléyìí tó kúrò níbí? Èyí tí kò kúrò lójú kan fún ọjọ́ méjì, kí wọ́n fi ìnkì pupa sàmì sí i lára. Ọ̀rọ̀ tó bá máa gùn, ẹni tó kàn nìkan ni kó dúró lẹ́yìn ìpàdé. Ẹ̀yin ọ̀gá lè wá gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ dúró lẹ́yìn, ẹ má sì dáhùn ohun tí wọn ò bi yín.

5. Ọjọ́, owó, ìwọ̀n iṣẹ́. Ẹ kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìṣó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wá ní kí wọ́n fi Agile ṣe é. Nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá lè mì, ohun kẹrin tí ẹ kò kàn ni yóò yẹ̀, ìyẹn dídára iṣẹ́. Kì í sì í yẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Àyẹ̀wò ni wọ́n á kọ́kọ́ fò. Wọn kò ní sọ fún yín. Oníbàárà ni yóò sọ ọ́, lórí X (Twitter tẹ́lẹ̀), ní òru ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ẹ mú ọjọ́ àti owó, ẹ fi ìwọ̀n iṣẹ́ sílẹ̀ kó máa yí. Ká mú iṣẹ́ kan tí gbogbo yín mọ̀: kí òbí lè san owó ilé-ìwé lórí áàpù báńkì. Bí wọ́n ṣe máa ń pín in láìdára rèé: ọ̀sẹ̀ méjì fún dátábéèsì, ọ̀sẹ̀ méjì fún iṣẹ́ inú sáfà, ọ̀sẹ̀ méjì fún ojú áàpù, ọ̀sẹ̀ keje ká so ó pọ̀, ọ̀sẹ̀ kẹjọ ká gbé e jáde. Títí di ọ̀sẹ̀ keje, kò sí ohun tí òbí kan lè fọwọ́ kàn. Ọ̀sẹ̀ keje náà sì ni nǹkan máa ń kọ̀ tí kò ní so pọ̀. Irú ìyẹn kì í ṣe Sprint mẹ́rin, iṣẹ́ oṣù méjì àtijọ́ ni wọ́n fi ọ̀bẹ là ní ìbú.

Ẹ gé e lóòró, láti òkè délẹ̀, bí ẹni gé kéèkì, kí gbogbo ìpele wà nínú ègé kékeré kan. Ègé àkọ́kọ́: ilé-ìwé kan ṣoṣo, iye owó kan ṣoṣo, òbí tó ní àkáǹtì nínú báńkì yín nìkan, owó pípé, ìwé ẹ̀rí ìsanwó lórí SMS. Ogún òbí lè lò ó ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì. Ègé kejì, ẹ má fi sígbà míì: wọ́n ti yọ owó lọ́wọ́ òbí, ilé-ìwé kò rí i. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé eléyìí ló ń ba báńkì lórúkọ jẹ́. Kí owó padà fúnra rẹ̀, kí àtẹ̀jíṣẹ́ sì lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni òbí tó ní ọmọ mẹ́ta ní kíláàsì mẹ́ta, lẹ́yìn náà sísan díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà àkọsílẹ̀ tí akọ̀wé owó ilé-ìwé máa fi yẹ ìwé rẹ̀ wò. Bí ọjọ́ bá pé tí ègé márùn-ún nínú mẹ́jọ bá ti jáde, ègé márùn-ún tó ń ṣiṣẹ́ lẹ ní lọ́wọ́. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn òbí kò tiẹ̀ bèèrè mẹ́ta tó kù.

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tún kọ ohun tí "ó ti parí" túmọ̀ sí, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Scrum ń pè é ní Definition of Done. Fún iṣẹ́ yìí: ẹni tí kò kọ kóòdù náà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ṣiṣẹ́ lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò lágbára, ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà ti mọ ohun tí wọn yóò dáhùn, ẹ̀ka òfin ti rí i. Èyí tó kẹ́yìn yìí, ẹ mú ẹnì kan láti ẹ̀ka òfin kó máa bá ẹgbẹ́ jókòó láti ọjọ́ kìíní. Bí wọ́n bá dúró di ìparí kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn yóò dá a padà, ẹ̀bi wọn kọ́.

6. Ohun tí ẹ ń kà. Ẹgbẹ́ máa ń fi 1, 2, 3, 5, 8, 13 díwọ̀n bí iṣẹ́ ṣe tóbi tó sí ara wọn. Ẹgbẹ́ nìkan ni ìwọ̀n yẹn wà fún. Ẹ̀yin wá gbé e sórí ìròyìn oṣù, ẹ ní ẹgbẹ́ A ṣe 40, ẹgbẹ́ B ṣe 25, kí B jí gìrì. B yóò jí lóòótọ́. Láàárín Sprint méjì, ohun tí wọ́n ń pè ní 3 yóò di 5, 25 yóò di 42, iṣẹ́ kò sì ní fi ìka kan pọ̀ sí i. Ó dà bí ẹni tó ń fi ìwọ̀n aṣọ oníṣòwò méjì wéra, láìbéèrè bí apá oníkálukú ṣe gùn tó.

Ọjọ́ ni kí ẹ kà: láti ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan títí ó fi dé ọwọ́ oníbàárà, ọjọ́ mélòó? Ìṣirò kan wà tí John Little fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1961, tó rọrùn láti lóye. Níwọ̀n ìgbà tí èyí tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde bá dọ́gba, ẹ fi iye tí wọ́n ń parí lọ́sẹ̀ pín iye tó wà lọ́wọ́. Iṣẹ́ 12 lọ́wọ́, 3 lọ́sẹ̀: ìkọ̀ọ̀kan yóò gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí ẹ bá fi òté lé e pé kò gbọdọ̀ ju 6 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì ń parí 3 náà lọ́sẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ kò gba èèyàn kún un, ẹ kò ní kí ẹnikẹ́ni sùn sí ọ́fíìsì.

Fún ẹ̀ka òṣìṣẹ́, ẹ̀ka òfin àti ẹ̀ka ìṣirò owó, Kanban báyìí ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ wọn, ẹ fi Scrum sílẹ̀. Pátákó kan, òpó mẹ́rin tàbí márùn-ún, iye tí kò gbọdọ̀ kọjá lókè òpó kọ̀ọ̀kan. Bí òpó bá kún, kí ẹnikẹ́ni má gbé tuntun. Kí wọ́n lọ ran èyí tó há lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ wo òpó tí ìwé pélébé ti ṣùjọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, òpó "ń dúró de ìbuwọ́lù ọ̀gá" ni.

7. Product Owner, ẹni tó ń pinnu iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ yóò kọ́kọ́ ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo ni ìlànà sọ, kì í ṣe ìgbìmọ̀. Ẹ fún ọmọdébìnrin kan tó mọ́ṣẹ́ ní orúkọ oyè náà, ẹ wá ní kó gba àṣẹ lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka márùn-ún kó tó lè yí iṣẹ́ kan sókè tàbí sísàlẹ̀. Akọ̀wé lẹ fi jẹ. Ẹ jẹ́ kó lè sọ fún yín pé "Rárá, sà, ó di oṣù tó ń bọ̀," kí iṣẹ́ rẹ̀ má sì bọ́.

8. Àgbà àti ọmọdé. Olùkọ́ tó ń ka ìwé òyìnbó kì í sábà kan ibí yìí, bẹ́ẹ̀ ibí ni ẹ̀kọ́ náà ti ń kú sí lọ́dọ̀ tiwa. Ní òpin Sprint, ẹgbẹ́ yẹ kó jókòó wo ohun tí kò lọ déédéé. A tọ́ àwọn ọmọ wa pé wọn kì í já àgbà nírọ́ ní gbangba. Nítorí náà ọ̀gá á sọ̀rọ̀, gbogbo èèyàn á mi orí, ìpàdé á tú. Ọgbọ́n rẹ̀ wà, kò sì ní kí ọmọ di aláfojúdi: ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀, kí kálukú kọ tirẹ̀ sórí ìwé láìkọ orúkọ; kí ẹlòmíràn kà á jáde; ẹni tó kéré jù ni kó kọ́kọ́ dá sí i, àgbà ni kó kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá sì ń díwọ̀n iṣẹ́, kí gbogbo wọn ṣí káàdì lẹ́ẹ̀kan náà. Planning Poker ni wọ́n ń pe èyí, James Grenning ló dá a sílẹ̀ ní 2002. Bí ọ̀gá bá pe 3 ṣáájú, 3 ni gbogbo ilé á pè, títí kan ẹni tó mọ̀ pé 13 ni.

Ohun kan ṣoṣo ni kí wọ́n mú jáde nínú ìpàdé yẹn láti tún ṣe, kí ó wọ inú iṣẹ́ Sprint tó ń bọ̀. Ẹ má béèrè àkọsílẹ̀ ìpàdé náà. Lọ́jọ́ tí ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ bá di kúèrì, ẹ ti gbọ́ òótọ́ mọ.

9. Ohun tí a ń bèèrè. Ẹ dá kíláàsì ogójì èèyàn dúró fún ọdún yìí. Ẹ mú owó rẹ̀ gba ẹnì kan tó ti ṣe iṣẹ́ yìí rí, kó bá ẹgbẹ́ kan ṣoṣo jókòó fún ọ̀sẹ̀ 12. Kí ẹgbẹ́ náà má ju èèyàn mẹ́wàá lọ. Sprint mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ìṣètò fún Sprint ọ̀sẹ̀ méjì, kó má ju wákàtí mẹ́rin lọ; ìfihàn iṣẹ́, wákàtí méjì; àyẹ̀wò ara ẹni, wákàtí kan ààbọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi iṣẹ́ "kíákíá" ti ọ̀gá kún un láàárín. Bí ó bá di dandan, kí ọ̀gá náà wá sí iwájú pátákó fúnra rẹ̀, kó yọ iṣẹ́ kan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kúrò.

Ẹ̀yin fúnra yín, kì í ṣe aṣojú, ẹ wá síbi ìfihàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí oníbàárà méjì ó kéré tán wà níbẹ̀ tí wọ́n á fi ọwọ́ ara wọn tẹ áàpù náà. Ẹ má gba àwòrán orí ògiri. Bí Sprint kẹta bá parí tí kò sí ohun tó ń ṣiṣẹ́ tí oníbàárà lè tẹ̀, ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ pé kí ni àwọn ń dúró dè, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí wọ́n bá dá sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ tiyín.

Kí ọdún yìí tó parí, ẹ kéde nǹkan méjì fún àwọn òṣìṣẹ́ yín: orúkọ ẹgbẹ́ tí ẹ mú, àti ọjọ́ ìfihàn àkọ́kọ́.

Àwa tiyín,
Àwọn tó ń bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jókòó lẹ́yìn tí kíláàsì bá ti tú